Òjò tó ṣú ní ìlà-oòrùn: èwo ló ṣeé gbára lé nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà?

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ní òjò tó bá ṣú ní ìlà-oòrùn kì í ṣeré. Wọ́n ní bí afẹ́fẹ́ bá ti dé, ó ti gbé òjò lọ. Wọ́n ní òṣùmàrè ló ń dá òjò dúró, àti pé bí lékèélékèé bá ti dé, ẹ̀ẹ̀rùn dé nìyẹn. Àgbàdo ni mo fẹ́ gbìn. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Bàbá Àgbẹ̀:
Ti ìlà-oòrùn, òótọ́ ni, pàápàá láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti nígbà òjò àrọ̀kúrò. Ìlà-oòrùn ni òjò alárá ti ń wá nílẹ̀ wa. Atẹ́gùn òkè, tó ń fẹ́ ní bíi kìlómítà 3 sókè, ló ń tì í bọ̀. Bó bá dúdú bí aró ní ìwọ̀-oòrùn, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti kọjá ẹ.

Ti afẹ́fẹ́ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Atẹ́gùn ilẹ̀ ń ti ìhà òkun wá, ó ń fẹ́ lọ pàdé òjò. Ẹni tó bá rí i á ní afẹ́fẹ́ ti gbé òjò lọ, á tún lọ sá èlùbọ́ rẹ̀ sórí àpáta. Òjò yẹn ṣì ń bọ̀! Atẹ́gùn á dákẹ́, ooru á mú, lẹ́yìn náà ni ìjì tútù á já láti ìlà-oòrùn tòun ti eruku. Kó ẹrù wọlé, kúrò lábẹ́ igi. Bí mànàmáná bá kọ, ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán. Mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kan. Bí kò bá pé 30, má dúró síta.

Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, má gbára lé ọ̀rọ̀ ìlà-oòrùn yẹn. Òjò wẹliwẹli láti òkun ló pọ̀ nígbà yẹn.

Ìyá Ọlọ́sàn:
Ẹ ṣé, bàbá. Òṣùmàrè ò dá òjò kankan dúró. Oòrùn máa ń wà lẹ́yìn ẹni tó ń wò ó, òjò á wà níwájú rẹ̀. Tàárọ̀ máa ń yọ ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òjò ti kọjá lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ti ìrọ̀lẹ́ máa ń yọ ní ìlà-oòrùn, ibẹ̀ gan-an lòjò sì ti ń wá. Ẹ má tíì sá aṣọ padà.

Lékèélékèé ń ti òkè Ọya bọ̀ bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ó mọ ìgbà, kò mọ ọjọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Ẹ ṣeun, mà. Bàbá, bí èsúnsún bá ti fò ńkọ́, ṣé mo lè gbìn?

Bàbá Àgbẹ̀:
Rárá o. Òjò tó ti rọ̀ ló mú èsúnsún jáde, kò mọ èyí tó ń bọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3. Àgbàdo á hù, á sì gbẹ.

Gbé agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ sí gbangba, kó jìnnà sí igi àti òrùlé. Fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ láràárọ̀, kí o dà á nù. Bó bá tó mìlímítà 25 láàárín ọjọ́ 2 sí 3, fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ wò. Ó yẹ kí ọ̀rinrin dé sẹ̀ǹtímítà 15. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn, dúró de òjò kejì.

Hóró 2 sínú ihò kan, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Ìlà sí ìlà, sẹ̀ǹtímítà 75. Ihò sí ihò, 50. Fi irúgbìn díẹ̀ pamọ́. Ihò tí kò bá hù títí ọjọ́ 10, tún un gbìn kíá, kí àwọn tó kù má bàa ṣíji bò ó.