Wọ́n yọ eyín màmá mi, dókítà ní kí a ṣe implant. Ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ_Ìjemọ̀:
Ẹ kú ilé o. Màmá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n yọ eyín ẹ̀yìn kan fún wọn nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ti jẹrà dé gbòǹgbò. Dókítà eyín ní implant ló yẹ ibẹ̀: irin titanium tí òun máa yí wọ inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí òun tó gbé eyín lé e lórí. Àtọ̀gbẹ ń bá màmá fínra, metformin ni wọ́n ń lò. Àbúrò mi ní London ní òun á sanwó, ṣùgbọ́n bí egbò náà bá kọ̀ tí kò jinná ńkọ́? Màmá sì ti fárígá pé àwọn ò fẹ́ eyín àtọwọ́dá tí à ń yọ tí à ń fọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Nọ́ọ̀sì_Eyín:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ eyín. Àtọ̀gbẹ nìkan ò ní kéèyàn má ṣe implant, èyí tí a ò káwọ́ rẹ̀ ni ìṣòro. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò HbA1c, òun ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn. Ti òwúrọ̀ kan ṣoṣo lè tanni.

Ohun tí mo tún ń rò ni pé ìsàlẹ̀ ni eyín náà wà. Iṣan kan gba inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ kọjá, òun ló ń jẹ́ kí ètè àti àgbọ̀n mọ nǹkan lára. Bí irin bá kàn án, ètè lè kú tipiri, nígbà mìíràn títí ayé. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ihò níbẹ̀ láìya fọ́tò CBCT, ìyẹn X-ray tó ń fi inú egungun àti ibi tí iṣan náà gbà hàn.

Ṣé màmá ń lo oògùn egungun?

Ọmọ_Ìjemọ̀:
Háà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n ni. Wọ́n ń lo alendronate lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú tí ọrùn ọwọ́ wọn kán. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó yọ eyín yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Eyín:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró fúnra wọn o. Oògùn yẹn ń dín bí egungun ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe kù, torí náà ibi tí a bá gbẹ́ lè kọ̀ kó má jinná. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń gbé e mì. Abẹ́rẹ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ń fún alárùn jẹjẹrẹ ló léwu jù. Síbẹ̀, bó bá ṣe ń pẹ́ ni ewu ń pọ̀ sí i. Kí dókítà tó kọ oògùn náà àti ti eyín kọ́kọ́ jọ sọ̀rọ̀. Ẹ yẹ ojú egbò yẹn wò lónìí: bí egungun bá hàn síta tàbí tó ń ṣọyún, ẹ gbé wọn padà lọ kíá.

Ará_Peckham:
Mo ti ṣe é, mo sì ń fi jẹran. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí ní London, kì í sábà san owó rẹ̀, àpò ara mi ló ti wá. Ohun tó yẹ kí màmá mọ̀ ni pé implant kì í jẹrà, ṣùgbọ́n ẹran ìdí rẹ̀ lè wú, kí àrùn sì jẹ egungun tó dì í mú. Búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ni mo fi ń fọ abẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́. Ẹ fi sọ́kàn pé ó lè tó oṣù 3 sí 6 kí egungun tó gbá irin mú.

Ọmọ_Ìjemọ̀:
Ẹ ṣé gan-an. Bí dókítà bá ní rárá, kí ló kù?

Nọ́ọ̀sì_Eyín:
Bridge. Wọ́n á rẹ́ eyín tó wà lọ́tùn-ún lósì díẹ̀, wọ́n á lẹ eyín àárín mọ́ wọn, kì í ṣe èyí tí à ń yọ. Ẹ bi wọ́n bóyá eyín méjèèjì náà lágbára tó láti gbé e.