Omi ọyàn ni mo bèèrè, wọ́n wá ń dá mi lẹ́jọ́

Ìyá Ìkókó Ìjàpọ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá Àkúrẹ́. Lífù mi ti ń tán lọ, mo máa padà síṣẹ́ ní Alágbàká, mo wá bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá bíi tèmi pé báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ọyàn téèyàn bá fún sílẹ̀ fọ́mọ. Ẹnì kan ní kí ló ń lé mi síṣẹ́, òmíì ní ìyà ni mo fi ń jẹ ọmọ tí mi ò fún un lómi nínú ooru yìí, wọ́n tún wá débi iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbẹ̀bí mi, pé ọ̀lẹ ni mí. Ó dùn mí gan-an, mo sunkún. Àgbà sì wà nínú wọn, mi ò fẹ́ rí wọn fín. Báwo lẹ ṣe ń dá irú wọn lóhùn?

Màmá Òkè-Àró:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Àwa fún ọmọ lómi, a fún wọn lágbo, wọ́n sì dàgbà, ìyẹn ló ń jẹ́ ká máa sọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó pè ẹ́ lọ́lẹ torí iṣẹ́ abẹ, má dá a lóhùn rárá.

Sísítà Ìjọ̀kà:
Ẹ ṣé mà. Ìyá ọmọ tí kì í rí oorun sùn, ohun tẹ́ ẹ bá sọ sí i, tọ̀sán tòru lá máa rò ó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa rántí. Èmi o, tó bá jẹ́ àgbà, màá ní "ẹ ṣé mà, mo ti gbọ́", ó parí, mi ò ní ṣàlàyé, torí tó o bá ti ń ṣàlàyé, wọ́n á ṣáà máa rí nǹkan míì sọ ni. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi, màá bi í pé ṣé o mọ ohun tí mo bèèrè àbí o ò mọ̀ ọ́n?

Nọ́ọ̀sì Arákalẹ̀:
Kò mà tíì sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè ẹ̀! Nínú fíríìjì, ọjọ́ 4, tì í sẹ́yìn pátápátá, má gbé e sára ilẹ̀kùn. Níta, wákàtí 4 ni tí ibẹ̀ bá tutù díẹ̀, nínú ooru tiwa yìí má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá dì tó sì ti yọ́, má dá a padà sí fíríísà. Ní ti omi, WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní ọyàn nìkan fún oṣù 6, ohun tó lé ní ìdá 80 nínú 100 ọyàn, omi ni, òùngbẹ ò gbẹ ọmọ ẹ.

Ìyá Ìkókó Ìjàpọ̀:
Ọlọ́run á bù kún yín mà! Iná ọ́fíìsì wa kì í dúró o, ṣé kúlà á gbé e délé?

Nọ́ọ̀sì Arákalẹ̀:
Á gbé e, kó o ṣáà to áìsì tó dì gbagidi yí i ká. Ó lè lo wákàtí 24 níbẹ̀.