Ẹ̀rọ tí a kọ́ láti fi bó irú ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ỌmọỌ̀fà_Zaria

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí, ọdún karùn-ún ni mo wà, Zaria ni mo ti ń kọ̀wé. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá: èmi, ọmọ Ìsẹ́yìn kan, ọmọ Katsina kan, àti ọmọbìnrin kan láti Bida. Ẹ̀rọ tí yóò máa bó èèpo irú la ń kọ́.

Èmi ni mo mú irú wá. Ìyá tó bí ìyá mi ṣe irú ní Ọ̀fà títí orúnkún wọn fi kọ̀. Bí irú bá jinná, wọ́n á dà á sínú odó ńlá, wọ́n á bu iyanrìn díẹ̀ sí i kó lè máa ha èèpo, wọ́n á wá bọ́ sórí rẹ̀, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, gìgísẹ̀ wọn á ti la. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa fọ iyanrìn kúrò, síbẹ̀ èèyàn á ṣì he òkúta nínú ọbẹ̀. Nígbà tí mo dé Zaria, mo rí àwọn ìyá tó ń ṣe daddawa níbí, bí àwọn Hausa ṣe ń pe irú nìyẹn. Kalwa ni wọ́n ń pe wóró rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà kan náà ni.

Bí ẹ̀rọ wa ṣe rí rèé. Àrọ kan wà lókè tí a ń da irú tí a ti sè sí. Ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí, wà lábẹ́ rẹ̀, a jó irin pẹlẹbẹ yí i ká láti ìdí dé orí bí ìgbà tí ejò wé mọ́ igi, ó ń yí nínú páìpù. Omi ń dà sí i bí irú ṣe ń lọ. Irú àti èèpo á jọ jáde lẹ́nu páìpù, a ó wá fi omi ṣan èèpo kúrò. Mọ́tọ̀ iná 3 hp (agbára ẹṣin mẹ́ta) ló ń yí i, ìyẹn ń yí ìgbà 1440 ní ìṣẹ́jú kan. Púlì ínǹṣì 3 wà lára mọ́tọ̀, ínǹṣì 6 wà lára ṣáàfù.

A dán an wò ní Sátidé tó kọjá. A sè irú fún wákàtí mẹ́fà lórí gáàsì, a bu kílò 5 sí i. Mo ka wóró 100 sọ́tọ̀ nínú ohun tó jáde: 49 ló mọ́ tó sì pé, 32 ti fọ́, 19 ṣì wọ èèpo rẹ̀ sọ́rùn. Olùkọ́ tó ń bójú tó wa ní kí a dín àlàfo tó wà láàrin ṣáàfù àti páìpù kù. A dín in kù, èyí tó ń fọ́ pọ̀ sí i. A tún fẹ̀ ẹ́, èyí tí kò bó pọ̀ sí i. Ó wá dà bíi pé kò síbi tí a lè dúró sí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a gbé e síwájú àwọn olùyẹ̀wò. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé máàkì nìkan la máa fi ẹ̀rọ yìí gbà. Mo fẹ́ kí obìnrin kan lè lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti ṣì í?

---

Wẹ́dà_Panteka

Àbúrò, ẹ kú akitiyan. Kaduna ni mo wà, ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ tó ń pa ẹ̀pà la ń jó ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ fi àlàfo yẹn sílẹ̀ ná. Eré tí ṣáàfù yín ń sá ni kí ẹ wò. Ìgbà 1440, púlì 3 sí 6, ìyẹn 720 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ti yá jù! Irú tó ti rọ̀ kò fẹ́ kí wọ́n lù ú, ó fẹ́ kí wọ́n rọra yí i kó lè bó. Bí irin bá ń bá eré bọ̀, ńṣe ló ń gbá wóró mọ́ páìpù, kò ní ráyè yí i láàrin ọwọ́. Ẹ yọ púlì ínǹṣì 6, ẹ fi ínǹṣì 12 sí i, á bọ́ sí 360. Ọ̀pọ̀ púlì àlòkù ló wà ní ọjà Panteka ní Kaduna níbí, ẹ má ra tuntun. Kí ẹ ra bẹ́líìtì tó bá a mu o, torí èyí tó wà níbẹ̀ kò ní gùn tó mọ́.

Èkejì, ṣé ṣáàfù yín tọ́? Ẹ má fi ojú wò ó. Ẹ fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́, kí ẹnì kan di ẹfun mú lẹ́bàá rẹ̀ láìmì. Bí ẹfun bá kan gbogbo ara rẹ̀ yíká, ó tọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló kàn, ibẹ̀ ló yọ síta, ó ti tẹ̀ nígbà tí ẹ ń jó irin mọ́ ọn. Iná wẹ́dà máa ń fa ṣáàfù. Ohun tó fà á tí ẹ ò fi rí àlàfo tó dára nìyẹn, torí ó há lápá kan, ó fẹ̀ lápá kejì, nínú yíyí kan ṣoṣo. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe tí kò ní fọ́ ọ̀kan kó sì fi ọ̀kan sílẹ̀.

Mi ò sì gbọ́ kí ẹ dárúkọ ìbòrí bẹ́líìtì. Ṣé ó wà níbẹ̀?

---

ỌmọỌ̀fà_Zaria

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Kò sí ìbòrí. Ẹ̀rù ba èmi fúnra mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí ní Sátidé yẹn, bẹ́líìtì já etí híjáàbù ọmọbìnrin tó wà láàrin wa gbà, ọmọ Katsina ló sáré pa mọ́tọ̀. Kò ṣe é léṣe. A ó jó ìbòrí kí a tó tan án mọ́.

---

Ìyá_Oníru_Gwagwalada

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ yege. Òmù-Àrán ni mo ti kọ́ irú ṣíṣe lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi kí a tó kó wá sí Gwagwalada.

Wákàtí mẹ́fà kẹ̀? Irú yín kò jinná ni. Bí a bá gbé e ka iná lọ́sàn-án, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ká tó sọ̀ ọ́, igi la sì fi ń sè é, torí ta ló lágbára gáàsì gbogbo òru? Bí omi bá ń gbẹ, ẹ bu òmíràn sí i. Láti mọ̀ bó bá ti tó, ẹ mú wóró kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ láàrin àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀là. Èèpo gbọ́dọ̀ yọ̀ kúrò lára rẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù, kí inú sì wà lódidi. Bí ẹ bá ní láti fi èékánná ha á, ẹ dá a padà síná. Irú ọdún tó kọjá tún máa ń le ju tuntun lọ. Ìgbà tí wọ́n ń ká a ni oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ẹ bi ẹni tó tà á fún yín léèrè.

Èyí tó fọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ kó o sọ́tọ̀, ó wúlò fún irú pẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra irú wóró, ojú ló fi ń rà á. Bó bá rí i pé ó fọ́, á kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìbéèrè mi rèé. Páìpù tí ẹ ṣe yìí, báwo ni màá ṣe fọ inú rẹ̀? Bí irú bá sùn síbẹ̀ mọ́jú, ẹ mọ bó ṣe máa rí. Ẹ jẹ́ kó ṣeé ṣí.

---

Ẹ̀gbọ́n_Kubwa

Ọ̀rọ̀ Màmá yẹn ni kí ẹ gbé sókè. Nígbà tèmi, ẹ̀rọ ìrin gbágùúdá la kọ́. Ó gba máàkì tó dára, ó sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ilé-ìwé títí koríko fi bò ó, nítorí a ò bi ẹnikẹ́ni tó ń ṣe gààrí ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ohun méjì ni mo ní. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má pààrọ̀ sísè àti púlì lọ́jọ́ kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn, ìbéèrè tí olùyẹ̀wò á sì kọ́kọ́ bi yín nìyẹn. Èkejì, irin wo ni irú ń fara kàn? Bó bá jẹ́ irin lásán, á dípẹtà láàrin ọjọ́ méjì pẹ̀lú gbogbo omi yẹn. Irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ fi ṣe inú rẹ̀, ìyókù lè jẹ́ irin lásán kí owó lè tó o. Ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà: èyí tó dára fún oúnjẹ, tí wọ́n ń pè ní 304, òòfà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un.

---

ỌmọỌ̀fà_Zaria

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo padà wá jábọ̀.

Ìbòrí bẹ́líìtì la kọ́kọ́ jó. Lẹ́yìn náà la fi igi sè irú, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀. Èmi àti ọmọ Ìsẹ́yìn la sùn tì í. Nígbà tí mo tẹ wóró àkọ́kọ́ láàrin ìka, tí èèpo yọ̀ bí Màmá ṣe wí, mo pariwo débi pé mo jí ọmọ yẹn. Púlì àtijọ́ la ṣì lò lọ́jọ́ náà: nínú 100, 66 pé, 25 fọ́, 9 kò bó.

Lọ́jọ́ kejì la fi ẹfun yẹ ṣáàfù wò. Ẹ̀gbọ́n Panteka, ó tẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ẹfun kàn. A gbé e lọ tọ́, a dán an wò: 73 pé, 18 fọ́, 9 kò bó. Ìgbà náà la tó fi púlì ínǹṣì 12 sí i, a tún sè irú mìíràn bí ti tẹ́lẹ̀: 86 pé, 8 fọ́, 6 kò bó. Kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀, bó ṣe ń jáde lẹ́nu páìpù dẹ̀ díẹ̀. Mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Páìpù ńkọ́? A là á sí méjì lóòró, a fi ìdè sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi ti àpótí, bóòtù mẹ́rin sì ń dì í lápá kejì. Irin 304 la fi ṣe é báyìí. Owó rẹ̀ wọ̀ wá lára, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá a.

Ọmọ Katsina bá wa bẹ ìyá kan tó ń ta daddawa ní ọjà Sabon Gari. Wọ́n gbé kalwa tiwọn wá, èyí tí wọ́n fúnra wọn sè. Wọn ò sọ nǹkan kan títí ẹ̀rọ fi ṣe tán. Wọ́n tú bóòtù, wọ́n ti ọwọ́ bọ inú páìpù, wọ́n fi ìka wá gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ibì kan hàn wá tí irú há sí lẹ́bàá bíárìn. A ó dí i. Lẹ́yìn náà wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ nínú èyí tó jáde, wọ́n ń fi àtàńpàkò wá iyanrìn nínú rẹ̀. Ọmọ Katsina sọ fún wọn pé a ò bu iyanrìn kankan sí i. Wọ́n tún wá a lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n ti gbé e lọ sílé láti sè é lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n sì fi àpò bò ó kó lè wú. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ni kí a wá tọ́ ọ wò.