Ẹ gbà mí o, ohùn ẹlulùú kò wọ inú fídíò mi

Ọmọ Olóko: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó di oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ya ẹlulùú kan létí odò lẹ́yìn oko bàbá mi ní Àkúfọ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde nílé, ìrì á ti rin ṣòkòtò mi dé orúnkún, ẹ̀fọn á máa jẹ mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n wá iṣẹ́ gidi ṣe. Àwòrán mi dára, ojú rẹ̀ pupa fòò, ẹ ó rí i. Ohùn ni kò sí! Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohùn náà á wọlé díẹ̀, á tún pòórà, bíi pé wọ́n fi ìrọ̀rí bò ó lẹ́nu. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó fẹ́ rà á, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Atẹ́gùn ni. Nígbà tí èmi ya fídíò lórí afárá òkè igi ní Lekki Conservation Centre, gbogbo mítà 401 tí mo rìn, fùù ni mo gbọ́ nígbà tí mo délé. Ọ̀bọ tún já gúgúrú gbà lọ́wọ́ ọmọ mi, ó sunkún títí a fi dé Ajah. Fi aṣọ onírun bo máìkì ẹ.

Kámẹ́rà Ìbàdàn: Máìkì wo lò ń lò? Báwo ló ṣe jìnnà sí ẹyẹ náà tó? O ò sọ ìkankan.

Aṣọ́gbó: Ṣé kì í ṣe pé ò ń fi ohùn inú fóònù tan ẹyẹ yẹn? Bó bá ń sàba, á rò pé òmíràn ti wá gba ilé òun, ó lè kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù.

Ọmọ Olóko: Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò tan ẹyẹ kankan. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ má fẹ̀sùn kàn mí. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun mà, àmọ́ ewé kan kì í mì ní ìdájí.

Oníwèé: Ra máìkì gígùn. Òun ni mo gbé wọ igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, nígbà tí mo ń wá Ibadan Malimbe, ẹyẹ tí kò sí níbòmíràn láyé ju ìhà tiwa yìí lọ. Mi ò rí i, àmọ́ ohùn àwọn ẹyẹ yòókù wọlé dáadáa.

Kámẹ́rà Ìbàdàn: Ẹ má jẹ́ kó lọ jẹ gbèsè. Máìkì gígùn kì í fa ohùn tó jìnnà wá sí tòsí, ohùn ẹ̀gbẹ́ ló ń dín kù. Ẹni tó wà ní mítà 40, bó bá gbé máìkì dé mítà 10, ohùn á fi nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 12 lé sí i (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó). Ẹ sún máìkì mọ́ ọn, kí ẹ̀yin fúnra yín jìnnà.

Oníwèé: Èmi sọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Ọmọ Olóko: Mo ti sún un mọ́ ọn. Kílẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń so ó mọ́ ẹ̀ka tó máa ń bà lé, kò ju mítà méjì lọ. Máìkì kékeré aláìníwáyà tí mo fi ń ya ìgbéyàwó ni. Kò ní àbùkù, ohùn pásítọ̀ máa ń dún ketekete, iná rẹ̀ á máa tàn bí àwọ̀ ewé.

Kámẹ́rà Ìbàdàn: Àwọ̀ ewé! Kí ló dé tí o ò tètè sọ? Tèmi náà, bí iná rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé, ó ń gé ariwo kúrò nìyẹn. Ohùn ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹlulùú, ariwo ni lójú rẹ̀, ló ṣe ń gé e. Tẹ bọ́tìnì tó ń gé ariwo lára máìkì náà kí iná náà kúrò ní àwọ̀ ewé, kí o fi earpiece gbọ́ ọ kí o tó kúrò nílé.

Aṣọ́gbó: Má so ó mọ́ ibi ìtẹ́ o.

Ọmọ Olóko: Mo ti tẹ̀ ẹ́. Mo gbé e sẹ́yìnkùlé, ohùn ìrẹ̀ wọlé ketekete! Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù kún yín. Àwọn tí mo ti yà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé a lè yọ ohùn wọn jáde?

Kámẹ́rà Ìbàdàn: Rárá. Ohun tó ti gé dànù kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọmọ Olóko: Oṣù mẹ́ta. Ó dùn mí o. Màá padà lọ ní ìdájí ọ̀la.