Èsì lórí hosting: ìdí tí mo fi dúró lé "ìyálégbé ìkànnì"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe hosting, ìyẹn sísanwó fún àyè tí ìkànnì ń gbé lórí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan kí gbogbo ayé lè máa ṣí i, nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí a fẹ́ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Abẹ́òkúta: àwọn aládìírẹ Ìtòkú, àwọn aránṣọ, àwọn olóúnjẹ Òkè-Ìléwó, gbogbo ẹni tó fẹ́ ní ìkànnì ti ara rẹ̀ lórí ayélujára. Bàbá wa kan dábàá "ìgbàlejò ìkànnì". Ẹ̀gbọ́n mìíràn ní kí a má da ara wa láàmù, kí a kọ hosting sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń pè é nìyẹn. Mo ka àbá méjèèjì dáadáa, n kò sì fara mọ́ ìkankan. "Ìyálégbé ìkànnì" ni tèmi, inú iṣẹ́ gan-an ni mo sì ti mú ẹ̀rí rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí àlejò bẹ̀rẹ̀. Àlejò kì í san owó ilé. Onílé ló ń bọ́ ọ, òun ló ń ṣọ́ ẹrù rẹ̀, ìtìjú ńlá sì ni bí ohun àlejò bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá ka àdéhùn tí ilé iṣẹ́ hosting ń gbé síwájú oníbàárà kó tó tẹ "mo gbà". Ẹni tó gba àyè ló ń sanwó, lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Bí owó bá tán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n á pa gbogbo fáìlì rẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí oníbàárà má gbójú lé ẹ̀dà ìpamọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn. Oníṣòwò tó bá gbọ́ "ìgbàlejò" á rò pé ẹnìkan ń bá òun ṣọ́ ẹrù. Ẹni tó bá gbọ́ "ìyálégbé" á mọ̀ pé ẹrù òun, ọrùn òun ló wà: á máa fa ẹ̀dà fáìlì àti dátábéèsì (àkójọ ìsọfúnni ìkànnì) rẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á tọ́jú rẹ̀ síbi tí kì í ṣe orí sáfà, ẹ̀rọ tí ìkànnì ń gbé, yẹn kan náà, á sì máa dán an wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ẹ̀dà náà ṣeé dá padà. Ẹ̀dà tí a kò tíì gbìyànjú láti dá padà rí, a kò lè sọ pé a ní in.

Àǹfààní kejì ni pé "ìyálégbé" bímọ. Ìgbàlejò kò bí nǹkan kan fún wa, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbà pé ilé ni ẹni yìí yá gbé, àwọn orúkọ yòókù á tò tẹ̀lé e. Shared hosting, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì jọ ń lo sáfà kan, di "àjọgbé". Dedicated, tí ẹnìkan ń dá lo odidi sáfà, di "àdágbé". VPS, ìpín sáfà tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹnìkan, tó wà láàárín méjèèjì, ẹ jẹ́ ká pè é ní "fúláàtì", ọ̀rọ̀ tí kò sí ará ìlú tí kò mọ̀ ọ́n.

Àjọgbé ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníṣòwò wa yóò wà, ó sì tó wọn. Nínú àjọgbé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì lè wà lórí sáfà kan, kí wọ́n jọ máa lo ọpọlọ rẹ̀, mẹ́mórì rẹ̀ àti àdírẹ́sì IP rẹ̀ (nọ́ńbà tí a fi ń dá a mọ̀ lórí ayélujára). Bí èrò bá ya lu ìkànnì aládùúgbò, tìrẹ náà lè máa fà bí ìgbín. Èyí tó burú jù ni ti ímeèlì. Bí ẹnìkan nínú àwọn ajọgbé bá ń fi àdírẹ́sì IP yẹn rán ímeèlì jìbìtì, wọ́n á kọ IP náà sínú ìwé ẹ̀bi, rìsíìtì àti ìwé owó ọjà tí aládìírẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ l'Ékòó á sì máa bọ́ sínú spam láìjẹ́ pé òun ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kó béèrè kó tó sanwó bóyá ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ímeèlì ń gbà jáde. Kó rí i pé wọ́n to SPF àti DKIM, àwọn àmì tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ímeèlì ti wá lóòótọ́, sí orúkọ ìkànnì rẹ̀. Bí ímeèlì bá sì ṣe pàtàkì sí òwò rẹ̀, kó fi í sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn pátápátá, kí ìkànnì nìkan wà ní àjọgbé. Fúláàtì ní ìpín mẹ́mórì tirẹ̀ tí aládùúgbò kò lè fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á ló ń gbá a: òun ló ń ṣe àtúnṣe ààbò, òun ló ń to ògiri ìdáàbòbò, àfi bó bá sanwó kún owó kí wọ́n bá a ṣe é. Ẹni tí ìkànnì rẹ̀ kò ju ojú ìwé mẹ́wàá àti àwòrán ọjà lọ kò nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ti wà nínú èdè wa tipẹ́, tó sì bá ibí yìí mu gẹ́lẹ́: "alágbàtà". Púpọ̀ nínú àwọn tó ń polówó hosting ní náírà kò ní sáfà kankan. Wọ́n ra àyè púpọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n ń gé e tà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Alágbàtà tó mọṣẹ́ lè gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ kíákíá ju ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lókè òkun lọ. Ṣùgbọ́n bí sáfà bá kú, kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, òun náà á máa dúró de onílé. Bí kò bá sì sanwó fún onílé, gbogbo ayálégbé abẹ́ rẹ̀ ló ń jáde lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, "ṣé onílé ni yín àbí alágbàtà?" yẹ kó jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìwé wa. Ìkejì ni iye tí wọ́n á gbà lọ́dún kejì, nítorí owó ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ gàdàgbà kì í sábà jẹ́ owó ìtúnsan.

Mo rọ̀ yín kí a má túmọ̀ unlimited, tí wọ́n ń kọ sínú ìpolówó hosting, sí "àìlópin" láìfi àlàyé sí i. Ó lópin. Bí àyè kò bá lópin, iye fáìlì á lópin, ímeèlì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú àpótí sì sábà máa ń jẹ́ fáìlì kan. Ẹni tó bá tọ́jú ímeèlì ọdún márùn-ún síbẹ̀ lè dé òpin iye fáìlì kó tó lo ìdámẹ́wàá àyè tó rò pé òun ní.

Ìdúró ìkànnì (uptime), ìyẹn ìdá àkókò tí onílé ṣèlérí pé ìkànnì yóò fi máa ṣí, náà ń fẹ́ ìṣirò. 99.9% túmọ̀ sí pé ìkànnì lè kú fún nǹkan bíi wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 45 lọ́dún, kí onílé má sì tíì yẹ àdéhùn. 99% lé ní ọjọ́ mẹ́ta ààbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí a fi hosting sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rí: ní Láfẹ́ńwá, "rélùwéè" lọ́pọ̀ ń sọ, "ọkọ̀ ojú irin" sì ni ti ilé ìwé, méjèèjì ń bẹ láàyè. Mo gbà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba hosting lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n hosting kò là á yé oníṣòwò pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń sanwó fún: orúkọ ìkànnì (domain), àyè, àti iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ìkànnì náà. "Mo ti san owó wẹ́ẹ̀bù" ni wọ́n ń sọ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni ẹni tó kọ́ ìkànnì ti ń forúkọ ìkànnì oníṣòwò sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Ìjà ọjọ́ iwájú nìyẹn. Ẹ rántí pé Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ lọ́dún 1859; iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ó sì yé gbogbo ayé.

Nítorí náà, kí domain máa jẹ́ "orúkọ ìkànnì", kí a má sì dà á pọ̀ mọ́ ilé. NiRA, àjọ ìforúkọsílẹ̀ orúkọ ìkànnì ní Nàìjíríà, ló ń bójú tó .ng àti .com.ng. Kí oníṣòwò rí i pé orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú ìforúkọsílẹ̀, àti pé ímeèlì tó fi síbẹ̀ kì í ṣe èyí tó wà lórí orúkọ náà. Bí orúkọ bá kú, ímeèlì náà á kú, ìkìlọ̀ ìtúnsan kò sì ní débì kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè kó jáde nígbà tó bá wù ú. Á kó fáìlì àti dátábéèsì lọ sí ilé tuntun, á dán an wò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣáájú, á dín TTL (iye àkókò tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn fi ń rántí ibi tí orúkọ ń tọ́ka sí) kù láti 86400 sí 300 ìṣẹ́jú-àáyá. Á wá yí ibi tí orúkọ ń tọ́ka sí padà, kò sì ní fagi lé ilé àtijọ́ títí ọ̀sẹ̀ kan fi kọjá.

Àtakò kan tó mú mi ronú ni pé "ìyálégbé" gùn, àwọn èèyàn á gé e sí "ìyálé", èyí tó ti ní onínǹkan nínú agboolé. Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá fẹ́ gé e, kí wọ́n sọ pé "gbàyè": "ibo lo gbàyè sí?" Ó dùn lẹ́nu, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì yà kúrò lọ́nà.

Bandwidth, ìwọ̀n dátà tí ìkànnì ń rán sí àwọn tó ń ṣí i, ló kù. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kó wọ inú ìwé ni ti àwòrán àdìrẹ: àwòrán fóònù tó tó 4 MB, tí 20 rẹ̀ bá wà lójú ìwé kan, 80 MB ni ẹni tó bá ṣí i yóò fà, bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá ṣí i, ó di 80 GB. Bí a bá kọ́kọ́ dín àwòrán kọ̀ọ̀kan kù sí 200 KB, ó di 4 GB péré, dátà oníbàárà náà kò sì ní jó tán. "Ìwọ̀n àgbéjáde" ni mo ní fún un lọ́wọ́ báyìí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀wọ́ gbé e wá kí ìwé tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.