Ṣé sísan owó ọjọ́ àìsàn lè dín jàǹbá kù nílé-iṣẹ́?

Aláàbò_Ọ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ètò ààbò ilé-iṣẹ́ onínáílọ́nù kan ní Ọ̀tà ló wà lọ́wọ́ mi: ẹ̀rọ tó ń yọ́ náílọ́nù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ tó ń gé e tó sì ń lẹ̀ ẹ́, àti èyí tó ń lọ àjẹkù. Òṣìṣẹ́ 140 la ní, káṣúà sì lé ní ìdajì wọn, ₦4,000 lójúmọ́. Ẹni tí kò bá wá, kò gbowó. Mo fẹ́ gbé e síwájú àwọn aláṣẹ pé kí a máa sanwó ọjọ́ àìsàn fún gbogbo èèyàn, káṣúà pẹ̀lú, torí mo gbà pé ara tí kò yá wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gé wọn níka. Máníjà ní àwọn ọ̀lẹ nìkan ni yóò jàǹfààní ẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ̀rí gidi wà? Báwo la ṣe máa ṣe é tí wọn ò fi ní lò ó nílòkulò? Kí sì ni kí n máa kà tí mo fi máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?

Oníwádìí_Jàǹbá

Ẹ̀rí wà, àmọ́ ẹ má gbé e ju bó ṣe mọ lọ, torí bí ẹnì kan bá gbọ́ ìṣirò láàárín àwọn aláṣẹ yín, á tú u palẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń tọ́ka sí jù ni ti NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́. Ọdún 2012 ló jáde. Wọ́n lo ìdáhùn òṣìṣẹ́ aládàáni bí 38,000 nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe láti 2005 sí 2008. Àwọn tó ń gbowó ọjọ́ àìsàn kì í fara pa tó àwọn tí kò rí i gbà. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ọjọ́ orí, irú iṣẹ́ àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn. Ibi iṣẹ́ tó léwu ló ti hàn jù: ìkọ́lé, oko, fákítọ̀, ilé ìwòsàn.

Ibi tó ti ń jò ni pé ọ̀gá tó ń sanwó ọjọ́ àìsàn sábà máa ń jẹ́ ọ̀gá tó tún fi irin bo ẹnu ẹ̀rọ, tó ń ra ìbọ̀wọ́, tó sì ń kọ́ àwọn èèyàn ẹ̀ níṣẹ́ dáadáa. Èwo nínú gbogbo ẹ̀ ló dín jàǹbá kù? Ìwádìí yẹn ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ tán.

Ti ìpínlẹ̀ Connecticut dára jù ú lọ. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2012. Bó ṣe rí nígbà náà, kí wọ́n tó yí i padà ní 2025: wákàtí 1 fún wákàtí 40 tí èèyàn bá fi ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 40 lọ lọ́dún. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 sókè ló kàn, àwọn tó ń dá aráàlú lóhùn sì ni wọ́n ṣe é fún: nọ́ọ̀sì, agbáwo oúnjẹ, olùgbowó ní ṣọ́ọ̀bù, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ìwádìí tó jáde ní 2019 fi 2005 sí 2011 wé 2012 sí 2015. Ìfarapa láàárín irú àwọn òṣìṣẹ́ yìí fi ìdá 17.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ ní Connecticut. Ní New York tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 6.8 péré ni. Ìlú New York gan-an tún bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2014, nítorí náà ìyàtọ̀ yẹn lè kéré ju bó ṣe yẹ kó jẹ́ lọ.

Ẹ fetí sí èyí kí ẹ tó lọ: nígbà ìwádìí náà, òfin Connecticut yẹn yọ àwọn fákítọ̀ sílẹ̀. Ẹ má dúró níwájú máníjà kí ẹ sọ pé tiyín á fi 17.8 wálẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ máa kà: iye ìfarapa lọ́nà 200,000 (ìyẹn wákàtí tí òṣìṣẹ́ 100 ń ṣe lọ́dún), kí ẹ fi àpapọ̀ wákàtí iṣẹ́ yín pín in. Òṣìṣẹ́ 140, wákàtí 48 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50, ó jẹ́ 336,000. Bí ìfarapa bá jẹ́ 6, ó di 3.57, bó bá di 4, ó di 2.38. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ìfarapa méjì tó dín kù lọ́dún kan lè jẹ́ oríire lásán. Nítorí náà ẹ tún máa ka ohun tó pọ̀ jù ú lọ: àwọn tó wá wẹ ojú ọgbẹ́ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, àti jàǹbá tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i, torí ẹni tí kò bẹ̀rù pé wọ́n á dá òun dúró láìsanwó ni yóò wá sọ. Ẹ ti sọ fún máníjà ṣáájú, kó má bàa sọ pé ètò náà ló fà á.

Nọ́ọ̀sì_Fákítọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, torí òun ni máníjà kì í rí.

Ibà ló pọ̀ jù lágbègbè wa. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àgbàlagbà ń lo artemether-lumefantrine láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìwé inú páálí ẹ̀ sì kìlọ̀ nípa òòyì àti àárẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gan-an ni káṣúà fi ń bọ̀ níbi iṣẹ́. Ó ti gbé paracetamol mì kó tó kúrò nílé, ara ẹ̀ rọ̀, sùpáfáísọ̀ rò pé ó ti yá. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni paracetamol fi ń bo ara gbígbóná mọ́lẹ̀. Bó bá fi máa di ọ̀sán, ọwọ́ ẹ̀ á ti máa gbọ̀n níwájú rólà.

Èyí tí àwọn èèyàn ò kà sí ni Piriton, ìyẹn chlorpheniramine, tí wọ́n ń lò fún ọ̀fìnkìn tàbí ara yíyún. Ẹni tó lò ó lóru lè máa tòògbé títí ilẹ̀ fi mọ́ dáadáa. Promethazine, oògùn mìíràn bíi tirẹ̀, le jù ú lọ. Bí ẹnì kan bá fara pa, ẹ máa bi í ní oògùn tó lò láti àná, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé jàǹbá. Àyè ìbéèrè yẹn kì í sí nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù.

Nílé-iṣẹ́ onínáílọ́nù, ìgbà tí wọ́n bá ń ti etí náílọ́nù bọ àárín rólà méjì ni ọwọ́ máa ń wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni èèyàn fi ń fa ọwọ́ ẹ̀ padà, àìsàn sì ń jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ẹ̀rọ tó ń yọ́ náílọ́nù ń gbóná tó 160 sí 200°C, gbogbo yàrá náà sì ń móoru. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara ẹ̀ tán kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ṣíìfù, ẹ bi wọ́n bóyá ara gbóná lóru, bóyá wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru, bóyá wọ́n lo oògùn kankan. Ẹni tí ara ẹ̀ bá tó 38°C, kó lọ rí dókítà. Ẹni tó rẹ̀ díẹ̀ lè máa ka ọjà kó máa dì í, àmọ́ kò gbọdọ̀ dé ìdí rólà, ẹ̀rọ tó ń lọ àjẹkù, pípààrọ̀ abẹ, forklift àti àkàbà. Kó tó padà sídìí ẹ̀rọ, ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà láìgbóná fún wákàtí 24 láìlo paracetamol.

Kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí òótọ́ bá máa ná an ní ₦4,000. Á parọ́ fún yín, ẹ ò sì ní lè bá a wí.

Amòfin_Òṣìṣẹ́

Ọ̀gá Aláàbò, ẹ má pè é ní àbá nìkan. Apá kan ẹ̀ ti wà nínú òfin. Abala 16 nínú Labour Act ní kí wọ́n sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣàìsàn, ó tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún, bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá ti jẹ́rìí sí i. Ìwé láti ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì ò kún un. Òṣìṣẹ́ tí òfin náà ń sọ ni ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé, yálà ẹnu ni wọ́n fi ṣe àdéhùn tàbí ìwé. Pé ojúmọ́ ni wọ́n ń sanwó ẹ̀ ò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Abala 7 sì ní kí wọ́n fún un ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta, kí ọ̀rọ̀ owó àìsàn wà nínú ẹ̀.

Èkejì ni ìwà kan tó gbòde. Rólà fa ìka ẹnì kan, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé, wọ́n kọ ọjọ́ náà sábẹ́ àìsàn, ìwé jàǹbá ṣófo, gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ owó ọjọ́ àìsàn láìdí ihò yẹn, iye jàǹbá yín á wálẹ̀ lórí ìwé nìkan. Ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ara ọjọ́ 12 yẹn. Employees' Compensation Act ti 2010 ló ń bójú tó o: òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń san owó ìfarapa. Ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ ń san fún NSITF, ohun tó wà fún nìyẹn. Bí kò bá sì lè ṣiṣẹ́ fún ohun tó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, Factories Act ní kí ẹ fi tó olùbẹ̀wò fákítọ̀ létí.

Ọ̀gá_Ṣíìfù

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń ba máníjà lẹ́rù. Bí gbogbo 140 bá lo ọjọ́ 12 tán ní ₦4,000, ₦6,720,000 ni lọ́dún. Bó bá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ₦2,800,000. Ẹ gbé méjèèjì síwájú ẹ̀, kó rí òkè àti ìsàlẹ̀.

Owó yẹn kọ́ ni ìṣòro gidi. Ta ló máa dúró sídìí ẹ̀rọ ẹni tó wà nílé? Bí ẹ bá fa ẹni tó ń di ọjà wá síbi rólà, jàǹbá kàn ṣí lọ sára ẹlòmíì ni. Bí ẹ bá ní kí ẹni àná ṣe ṣíìfù méjì, wákàtí 16, ẹ tún ti dá àárẹ̀ mìíràn sílẹ̀. Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti kọ́ ẹni méjì ní àfikún fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ẹnì kankan, ẹ pa ẹ̀rọ náà.

Ẹ yẹ owó tí ẹ ń fún ẹni tí kò pa iṣẹ́ jẹ láàárín oṣù wò pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ₦10,000, tí ọjọ́ àìsàn kan sì ń mú un lọ, ẹ̀bùn ₦4,000 yín ò níyì, aláìsàn á ṣì wá. Ẹ má sì máa fi owó ra ọjọ́ tí wọn ò lò lọ́wọ́ wọn ní ìparí ọdún. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ní ti ìlòkulò: kó pe fóònù wákàtí kan ṣáájú ṣíìfù. Ọjọ́ kìíní, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ tó, torí owó dókítà lè ju owó ojúmọ́ lọ. Láti ọjọ́ kejì, ìwé. Bí ẹ bá rí i pé Monday ló pọ̀ jù, ẹ kọ́kọ́ wo ófátáìmù ọjọ́ Sunday.

Ará_Manchester

Mo kín Ọ̀gá Ṣíìfù lẹ́yìn lórí ọjọ́ kìíní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni SSP, owó àìsàn tí òfin pa láṣẹ ní Britain, kì í san níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ sì ni àìsàn kékeré tí èèyàn lè fara dà wá síbi iṣẹ́ kì í ju ọjọ́ mẹ́ta náà lọ. Àwọn èèyàn wa tó ń tọ́jú arúgbó ló mọ̀ ọ́n lára jù: wọ́n á máa fi ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n gbé aláìsàn. Employment Rights Act 2025 ló fòpin sí i, láti April 2026.

Aláàbò_Ọ̀tà

Ẹ ṣé gan-an. Bí máníjà bá ní kí n dán an wò níbì kan ná, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ níbi ẹ̀rọ tó ń lọ àjẹkù, níbi tí jàǹbá ti pọ̀ jù lọ́dún tó kọjá?

Oníwádìí_Jàǹbá

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó burú jù lọ́dún kan sábà máa ń wálẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ́dún kejì, ètò yín á wá gba ìyìn ohun tí kò ṣe. Ẹ ṣẹ́ gègé láàárín àwọn ṣíìfù, kí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, kí èkejì tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìwé jàǹbá kan náà, nọ́ọ̀sì kan náà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ èèyàn láàárín ṣíìfù méjèèjì. Ọjọ́ 12 tí òfin pa láṣẹ kì í ṣe ara ìdánwò o: gbogbo wọn ló ní i láti òní. Ọjọ́ kìíní láìsí ìwé dókítà, àti ẹ̀bùn oṣù tí àìsàn ò ní gbà mọ́, àwọn wọ̀nyẹn ni ẹ lè fi dán an wò.