Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, kí n máa ṣe gìtá fúnra mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Yábà ni mo ti ń kọ́ àtúnṣe gìtá. Mo lè pààrọ̀ fírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn gìtá, mo lè lẹ bríìjì tó ṣí, ìyẹn igi tí a so òkùn mọ́ lójú gìtá. Mo fi ọ̀gànwó ṣe gìtá kan fún ara mi, àwọn olórin ìjọ wa gbọ́ ọ, wọ́n ní àwọn náà fẹ́. Àtúnṣe ti sú mi. Mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ní Muṣin, kí n máa ṣe tuntun nìkan. Ọ̀gá kò tíì ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún mi. Kí lẹ rí sí i?

Onípákó Òkóbàbá: Àbúrò, pákó yẹn gbẹ tó? Ká má parọ́ fúnra wa, púpọ̀ nínú èyí tí à ń tà ní Èbúté Mẹ́tta níbí ṣì tutù nínú. Ẹni tó ń kan àga lè fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ojú gìtá kì í sábà nípọn ju mìlímítà 3 lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju bíi 2. Ọyẹ́ a dé, igi a sún kì, ó là nìyẹn. Rà á sílẹ̀, tò ó, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Pákó oníńṣì kan máa ń gbà tó ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn náà, afẹ́fẹ́ Èkó ò ní jẹ́ kó gbẹ tán. O nílò yàrá kékeré tí ẹ̀rọ ń fa omi inú afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rinrin ibẹ̀ wà ní ìdá 45 sí 50 nínú 100. Ibẹ̀ ni kí o ti máa lẹ igi pọ̀. O sì mọ bí iná wa ṣe rí, nítorí náà owó jẹnẹrétọ̀ ni kí o kọ́kọ́ ṣírò, kí ó tó kan ti ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Ìbejì, aránṣọ ní Ṣómólú: Ọmọ mi, má sá lọ o. Mú àwọn òbí rẹ lọ bá a, kí ó ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ọ, kí ó sì gbàdúrà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti mọ̀ ọ́.

Agìtá Oníkan: Gìtá ni mo fi ń jẹun. Bí mo bá tẹ fírẹ́ẹ̀tì 12, tí ohùn rẹ̀ kò bá ti òkùn tí mi ò tẹ̀ mu, mi ò ní sanwó, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Tìrẹ ńkọ́? Òkùn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fa ojú igi yẹn tọ̀sán tòru, ó tó kílò 70. Fi òkùn sí i lára, kí ó rí ìgbà òjò, kí ó rí ìgbà ọyẹ́, kí o tó gba owó ẹnikẹ́ni.

Alátùn-únṣe, Súrùlérè: Àtúnṣe tó sú ọ yìí ni yóò máa san owó ṣọ́ọ̀bù fún ọ. Ilé ìwé ni pẹ̀lú. Fi dígí wo inú gbogbo gìtá tó bá dé ọwọ́ rẹ. Láti àwọn ọdún 1840 ni Martin, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà, ti ń to igi àtìlẹ́yìn inú tiwọn bíi lẹ́tà X. Wo ibi tó ti ń ṣí, wo ibi tó ti ń là. Ṣe gìtá tuntun méjì-mẹ́ta lọ́dún ní ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ náà ná.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Màá bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin Onípákó, ṣé mo lè fi igi arère tàbí igi ọmọ ṣe ojú gìtá? Owó spruce, igi òkè òkun tí wọ́n sábà fi ń ṣe é, ga jù.

Onípákó Òkóbàbá: Igi ọmọ ni wọ́n ti fi ń gbẹ́ ìlù láti ayébáyé, nítorí náà òun ni màá kọ́kọ́ gbé wò. Arère fúyẹ́, àmọ́ ó rọ̀. Dán an wò lórí tìrẹ, má dán an wò lórí ti oníbàárà. Yà lọ́dọ̀ mi ní Sátidé, mo ní ègé igi ọmọ kan tó ti gbẹ dáadáa.